Ìyá mi fẹ́ rí afárá rélùwéè Victoria Falls, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún, ibi gíga sì ń bà á lẹ́rù

Ọmọ Gáàdì (ẹni tí ó dá ìjíròrò sílẹ̀), ọjọ́ Ajé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Gáàdì ni bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ọdún 31 ni ó sì fi ṣe é kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nínú pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, àwòrán kan wà tí ó gé lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, tí ó sì fi sínú férémù onígíláàsì: afárá irin tí ó tẹ̀ bí ọrun lórí ọ̀gbun jíjìn, kọ́ọ̀ṣì rélùwéè mélòó kan tí wọ́n dúró sí àárín rẹ̀ gan-an, àti ìkùukùu omi funfun tí ó ń rú lẹ́yìn wọn. Afárá Victoria Falls ni, èyí tí ó gba orí odò Zambezi kọjá láàárín Zambia àti Zimbabwe, nítòsí ibi tí omi ńlá ti ń já láti orí àpáta. Bàbá mi máa ń sọ pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ àti owó ilé-ìwé wa kò jẹ́ kí ó rí i ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìyá mi ti pé ọdún 74 báyìí, ó sì ní òun fẹ́ lọ fi ojú ara òun rí ohun tí ọkọ òun ń wò láràárọ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kò lágbára mọ́. Bí ó bá ti rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní láti wá ibi jókòó. Òòyì sì máa ń kọ́ ọ bí ó bá wà níbi gíga. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi ń sọdá títì, n kò rí i kí ó gùn ún rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Yàtọ̀ sí èyí, Manchester ni èmi ń gbé, ìwé ìrìnnà Bírítéènì ni mo sì ń lò, nígbà tí ìyá mi ń lo ti Nàìjíríà. Ilẹ̀ wo nínú méjèèjì ni kí a gbà wọlé, oṣù wo ni kí a lọ, ṣé dandan sì ni kí ó tẹ orí afárá náà kí ó tó lè sọ pé òun ti rí i?

Arìnrìn-àjò Gbogbo Ìgbà

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí màmá sí. Oṣù kẹrin ni kí ẹ lọ, Zambia sì ni kí ẹ gbà wọlé. Ìgbà náà ni omi kún jù lọ, òṣùmàrè a sì máa yọ láàárín ìkùukùu omi náà ní ọ̀sán gangan. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tóóró kan wà níbẹ̀ tí ó dojú kọ omi tí ń já. Orí rẹ̀ ni mo ti ya àwòrán tí ó wà lójú fóònù mi títí di òní. Ẹni tí kò bá lọ nígbà tí omi kún, kò tíì rí nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé màmá lọ ní oṣù kẹrin. Omi ni ẹni tí ó ṣáájú mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni afárá ni Ọmọ Gáàdì béèrè. Èmi lọ ní oṣù kẹrin, mo dúró sí àárín afárá yẹn, funfun báláú nìkan ni mo rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ni omi náà ti ń ta wá sókè, nítorí náà agbòjò tí mo gbé dání kò wúlò fún nǹkan kan. Ìró mi, gèlè mi, àti fóònù tí mo rò pé mo ti tọ́jú sínú báàgì, gbogbo wọn ni ó rin gbingbin. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ ń yìn yẹn ńkọ́? Àtẹ̀gùn ni ènìyàn yóò sọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá lákòókò náà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ibẹ̀ máa ń rú àwa tí a fi òjò ìlú wa ṣe òdiwọ̀n lójú. Òjò tiwọn máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ṣùgbọ́n orísun odò náà jìnnà: ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Zambia ni ó ti sun, ó gba Angola kọjá, ó tún padà wọ Zambia, ó sì tẹ́ káàkiri inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan kí ó tó rọra máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ti ń dá lọ ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún. Bí ó bá sì di oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, omi a ti fà débi pé apá púpọ̀ ní ìhà Zambia a di àpáta gbígbẹ. Mo tún padà lọ ní oṣù kẹjọ, nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé n kò rí afárá náà ní àkọ́kọ́. Omi ṣì ń já dáadáa, ṣùgbọ́n afárá hàn láti ìdí dé orí, àwọn igi irin tí wọ́n fi kọ́ra bí apẹ̀rẹ̀, mo lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù òwúrọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré ní àkókò náà. Kí màmá mú súwẹ́tà dání.

Irin Kì í Parọ́

Ẹnjiníà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ti rìn lábẹ́ afárá náà, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé gáàdì kì í gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri nítorí ẹwà lásán.

Ní 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 1905. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Darwin, ọmọ Charles Darwin, ni ó ṣí i. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mítà 198, apá tí ó tẹ̀ bí ọrun jẹ́ mítà 156.5, bí omi bá sì fà, ó fi mítà 128 ga ju ojú omi lọ. Ilé-iṣẹ́ Cleveland Bridge ti Darlington ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe àwọn irin náà, wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wọn dé Beira ní Mozambique, rélùwéè sì kó wọn láti ibẹ̀ dé etí ọ̀gbun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé Ralph Freeman ni ó ya àwòrán rẹ̀, nítorí òkìkí tí ó ní lẹ́yìn náà lórí afárá Sydney ní Australia. George Hobson ni. Freeman ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹni tí ó bá ń béèrè ìdí tí wọn kò fi ri òpó mọ́lẹ̀, kí ó wo ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tí òpó yóò dúró sí nínú omi tí ó ń sáré bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí ògiri ọ̀gbun méjèèjì ṣe iṣẹ́ òpó. Bí ènìyàn bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ògiri kan, tí ó fi ti òsì ti èkejì, tí a sì gbé ẹrù lé e láyà, bí ẹrù náà bá ṣe ń wúwo sí i ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ti ògiri le sí i. Báyìí ni ọrun irin yẹn ṣe ń ti àpáta dúdú tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kọjá kò ní kí ó ṣubú. Ṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta.

Bí wọ́n ṣe tò ó ni ó yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ọ̀gbun, okùn náà ni wọ́n fi fa èyí tí ó nípọn ju ú lọ, títí wọ́n fi ní wáyà líle tí ó lè gbé ènìyàn àti ẹrù kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na apá irin jáde láti bèbè méjèèjì, wáyà tí wọ́n so mọ́ àpáta lẹ́yìn sì di apá kọ̀ọ̀kan mú kí ó má baà já sínú ọ̀gbun. Ará Faransé kan tí ń jẹ́ Georges Imbault ni ó ń darí iṣẹ́ náà lójú ọ̀gbun. Ẹni tí ó mú wa rìn lábẹ́ afárá sọ fún wa pé nígbà tí apá méjèèjì fẹ́ pàdé ní 1905, oòrùn ọ̀sán ti mú kí irin wú, wọ́n gun ara wọn díẹ̀, kò sì ṣeé so. Wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òtútù òru mú irin náà súnkì, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá méjèèjì wọnú ara wọn bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí màmá gbọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjì tí táyà ń gùn lórí afárá yẹn jẹ́ mílímítà 1,067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Kánò, tí bàbá yín lo ayé rẹ̀ lórí rẹ̀. Irin tuntun tí ó ti Èkó wá sí Ìbàdàn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílímítà 1,435 ni tirẹ̀.

Arìnrìn-àjò Gbogbo Ìgbà

Mo gba ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì nípa oṣù kẹrin. Èmi kò ní orúnkún dídùn, n kò rò ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé irin kan náà ni, kí ló dé tí a kò fi mú màmá lọ sí Jẹ́bà? Irú afárá kan náà ni, orí odò Ọya ni ó wà, kò gba físà, kò gba bàálù.

Ọmọ Etídò

Mo dàgbà sí Jẹ́bà, kì í ṣe irú afárá kan náà. Tiwa, tí rélùwéè ti ń gbà kọjá láti 1916, dúró lórí àwọn òpó tí a ri sínú omi, erékùṣù kan sì wà láàárín odò tí ó fi ṣe ìsinmi. Ó lẹ́wà, pàápàá bí ènìyàn bá dúró níbi tí àpáta Juju ti hàn, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ìyẹn kò tẹ̀ bí ọrun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀gbun lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo férémù kan yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a fẹ́ tan òun ni.

Ará Lusaka

Ọdún 9 nìyí tí mo ti ń gbé ní Zambia, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà. Àbúrò mi Ọmọ Gáàdì, ìwọ kò ní wàhálà: láti 2022 ni Zambia kò ti béèrè físà mọ́ lọ́wọ́ arìnrìn-afẹ́ tí ó ní ìwé Bírítéènì, Zimbabwe sì máa ń fún irú yín ní físà lẹ́nu ibodè. Ti màmá ni kí o tètè mójú tó. Kí ó gba físà rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Ìbàdàn, má ṣe gbára lé pé wọn yóò fún un nígbà tí ó bá débẹ̀. Físà àjọlò kan wà tí wọ́n ń pè ní KAZA, tí ó bo ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń fún. Nítorí náà má ṣe rò pé ohun tí ó tọ́ sí ọ ni ó tọ́ sí màmá. Yan ilẹ̀ kan ṣoṣo fún un, kí ó sì wo afárá láti ibẹ̀.

Èyí kò sì ní kí ó má dé orí afárá bí ó bá fẹ́. Àárín ẹnubodè méjèèjì ni afárá náà wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé orí rẹ̀ nìkan, kí ó sì padà sí ibi tí ó ti wá, kò nílò físà ilẹ̀ kejì. Ẹ ó sọ fún aṣọ́bodè pé orí afárá ni ẹ ń lọ, yóò tẹ òǹtẹ̀ sí bébà pélébé kan fún yín, bébà náà ni ẹ ó sì fi hàn bí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ má sì gbé ọ̀rá tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ dání lójú ọ̀nà náà, nítorí àwọn ọ̀bọ ńláńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀rá ìwé.

Ìyá Ìbejì Leeds

Ẹ̀gbọ́n Ará Lusaka, ẹ dákun, èmi sanwó físà lẹ́nu ibodè yẹn lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní bébà.

Ará Lusaka

Ṣé ẹ kò kọjá sí òdìkejì láti lọ wo omi níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Leeds

Mo kọjá o. Ó ti yé mi.

Ọmọ Gáàdì

Ẹ ṣeun gan-an, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rẹ̀ yín. Oṣù kẹjọ ni a ó lọ, mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá ní láti tẹ orí afárá, kí a fi gèlè bo òun lójú, kí a sì ṣí i nígbà tí a bá ti padà dé orí ilẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ni yóò wá rí. Ó ní ọkọ òun náà kò débẹ̀, ó sì rí i lójoojúmọ́. Ṣé ibì kan wà tí ó lè jókòó sí jẹ́jẹ́, kí ó sì rí afárá náà láti òkèèrè?

Onígègé

Ibẹ̀ wà, kò sì gba àtẹ̀gùn kankan. Ẹ gba Zimbabwe. Hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan wà ní ìlú náà, Victoria Falls Hotel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904 nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Pákó àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fàráńdà gbàgede kan wà tí ó dojú kọ ọ̀gbun. Ènìyàn kò ní láti sùn níbẹ̀ kí ó tó lè jókòó mu tíì. Èmi àti ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́ta títí oòrùn fi ń wọ̀. Kapẹ́ẹ̀tì koríko tútù ni ó wà níwájú wa, lẹ́yìn koríko ni igi, lẹ́yìn igi ni afárá náà ti yọ orí, aláwọ̀ eérú, kékeré bí ohun ìṣeré, ìkùukùu omi sì ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èéfín ibi tí wọ́n ti ń dín gàrí. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń sọdá, a ń wò ó tí ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí èèrà lórí okùn aṣọ. Mo rò pé ojú tí màmá yóò fi wò ó níbẹ̀ ni ó sún mọ́ ti férémù jù lọ.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà

Ibi tí Onígègé sọ dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí afárá, owó tíì ibẹ̀ kò sì kéré. Mo ní ìmọ̀ràn tí ó yàtọ̀. Ìyàwó gáàdì ni màmá. Ẹ gbé e wọ rélùwéè! Àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣì wà tí wọ́n ń gbé àlejò wá sórí afárá náà ní ìrọ̀lẹ́, láti ìlú Livingstone ní ìhà Zambia àti láti ìhà Zimbabwe pẹ̀lú. Wọ́n máa ń dúró sórí afárá kí àwọn ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ ya àwòrán. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀, kí ó jókòó sínú kọ́ọ̀ṣì. Jíjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàtọ̀ sí dídúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àfaratì. Ìyá tèmi náà kì í gun òkè, síbẹ̀ ó wo ọ̀gbun yẹn láti ojú fèrèsé láìsọ nǹkan kan. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn o, ẹ béèrè ọjọ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Àtẹ̀gùn kọ́ọ̀ṣì ga, nítorí náà ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n gbé àpótí ìtìsẹ̀ kalẹ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì Leeds

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rélùwéè, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan. Àárín afárá náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi okùn rọ́bà so ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń bẹ́ sínú ọ̀gbun, mítà 111 sí ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tí ó na apá, ó sì fò, mo ké Jésù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣọ́bodè fi yíjú wò mí. Ẹ jẹ́ kí màmá mọ̀ ṣáájú, tàbí kí ó jókòó sí apá kejì kọ́ọ̀ṣì.

Irin Kì í Parọ́

Rélùwéè lórí afárá bá ohun tí Cecil Rhodes, olówó àti òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, fẹ́ mu. Òun ni ó ní kí wọ́n kọ́ ọ sí ibi tí omi wínníwínní yóò ti máa ta sára kọ́ọ̀ṣì tí ó bá ń kọjá.

Àgbà Òpìtàn

Rhodes tí ẹ dárúkọ yẹn kò dé ibẹ̀ rí, ó sì kú ní 1902 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà irin tí yóò ti Cape Town dé Cairo ni ó ń lá lálàá rẹ̀, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè na ọwọ́ dé ibi gbogbo. Kì í ṣe ìfẹ́ omi wínníwínní nìkan. Kí David Livingstone, arìnrìn-àjò ará Scotland, tó fi orúkọ ọbabìnrin rẹ̀ pe omi tí ń já náà ní 1855 ni àwọn onílẹ̀ ti ń pè é ní Mosi-oa-Tunya, èéfín tí ń sán bí àrá. Kí màmá mọ orúkọ náà.

Àwòrán bàbá ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ọmọ Gáàdì, o ní kọ́ọ̀ṣì mélòó kan dúró sí àárín afárá. Ṣé ẹ́ńjìnnì wà níwájú wọn? Ṣé títì ọkọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà? Ọ̀nà rélùwéè méjì ni ó wà lórí afárá ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí títì. Ní nǹkan bí 1930 ni wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe, tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fi ọ̀nà ọkọ̀ kún un. Bí títì bá wà, àwòrán náà kò lè ju ìgbà náà lọ ní pípẹ́. Bí kò bá sì sí ẹ́ńjìnnì, mo ní ohun tí mo fura sí.

Ọmọ Gáàdì

Títì wà níbẹ̀, bàbá. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Ní kékeré mi, mo máa ń bi bàbá mi pé ta ni yóò wá fà wọ́n, òun a kàn rẹ́rìn-ín.

Àgbà Òpìtàn

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1975 nìyẹn. Ní ọjọ́ náà, wọ́n gbé kọ́ọ̀ṣì wá sí àárín afárá, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí Ian Smith, olórí ìjọba àwọn òyìnbó ní Rhodesia, àti àwọn ajìjàgbara tí Abel Muzorewa ṣáájú wọn lè jókòó sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ iwájú Rhodesia, ilẹ̀ tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ wọ ilẹ̀ ẹnì kejì, nítorí náà orí ààlà gan-an ni wọ́n gbé kọ́ọ̀ṣì sí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sí ìhà tirẹ̀. Kenneth Kaunda, ààrẹ Zambia nígbà náà, àti John Vorster, olórí ìjọba South Africa, wà níbẹ̀. Ìpàdé náà forí ṣánpọ́n, ogun sì ń bá a lọ. 1980 ni Zimbabwe tó gba òmìnira. Gáàdì tí ó bá rí kọ́ọ̀ṣì láìsí ẹ́ńjìnnì lórí afárá yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn-àjò lásán.

Irin Kì í Parọ́

Ẹ má ṣe yára, ẹ̀gbọ́n. Ẹ́ńjìnnì lè wà lẹ́yìn, kí ó máa tì wọ́n, tàbí kí ẹni tí ó gé kàlẹ́ńdà ti gé e kúrò. Kí Ọmọ Gáàdì wo ẹ̀yìn àwòrán náà bóyá ọdún wà níbẹ̀. Bí ìrìn-àjò yín bá sì lè dé Bulawayo ní Zimbabwe, mùsíọ́mù rélùwéè kan wà níbẹ̀, kọ́ọ̀ṣì tí Rhodes fúnra rẹ̀ ń wọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú.

Ọmọ Gáàdì, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí àbúrò mi bá a sọ férémù náà kalẹ̀, kí wọ́n yọ gíláàsì rẹ̀. Ọdún kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gé e mọ́ ibi tí òǹkà oṣù bẹ̀rẹ̀ sí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkọ̀wé bàbá mi, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́, ó sì ti ń parẹ́: “Ẹsẹ̀ 3, íǹṣì 6. Irin wa náà nìyí.” Ìyá mi ní kí n bi Irin Kì í Parọ́ bóyá kọ́ọ̀ṣì tí ó bá kúrò ní Ìdó lè gùn ún dé ibẹ̀.

Irin Kì í Parọ́

Táyà rẹ̀ yóò bá a mu, ṣùgbọ́n kò sí irin tí ó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa. Ẹ bá mi kí màmá.

Ará Lusaka

Kí wọ́n má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Bí ẹ bá gba Johannesburg, wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti Nàìjíríà bọ̀ kí wọ́n tó wo nǹkan mìíràn, inú báàgì ọwọ́ sì ni kí ó wà, kì í ṣe inú àpótí tí ẹ fi sísàlẹ̀ bàálù.